Ilẹ̀ Tí A Dúró Lé: Ta Ni Ń Ka Ìwọ̀n Rẹ̀ fún Wa?

Ọ̀RỌ̀ OLÓÒTÚ

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, ní gáréèjì àti lójú títì, ọ̀rọ̀ owó oṣù kọ́ ni a fẹ́ sọ lónìí, a óò tún padà sí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ tí ẹ̀rọ yín dúró lé, ilẹ̀ tí lọ́rì yín ń gbà kọjá, ilẹ̀ tí ẹ ń jókòó sí jẹun ní káńtíìnì.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2019, nígbà tí agogo 12 ọ̀sán fi ìṣẹ́jú 28 kọjá, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ibi ìwakùsà Córrego do Feijão, ní ìlú Brumadinho lórílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, wà ní káńtíìnì, wọ́n ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Lókè wọn ni dáàmù kan wà tí wọ́n ń pè ní B1, tó ga tó mítà 86. Kì í ṣe omi mímu ni dáàmù yìí ń sé. Ẹrẹ̀ tó ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ òkúta irin ni wọ́n ń dà síbẹ̀ láti ọdún 1976. Bí ẹrẹ̀ bá ti kún, wọ́n á mọ odi mìíràn lé orí ẹrẹ̀ náà gan-an, wọ́n á tún máa dà á lọ, títí di ọdún 2016 tí wọ́n dáwọ́ dúró. Odi lórí ẹrẹ̀! Ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, ojú odi náà wó láàárín ìṣẹ́jú àáyá tí kò tó 10. Ẹrẹ̀ bo káńtíìnì, ó bo ọ́fíìsì, ó gbé ọkọ̀ bí ẹni gbé ewé. Ènìyàn 270 ló bá a lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Vale tó ni ibẹ̀, àti àwọn tí agbaṣẹ́ṣe gbà síṣẹ́. Fèrè ìkìlọ̀ kò dún.

Ẹ má ṣe rò pé wọn kò wọn dáàmù yẹn o. Wọ́n wọ̀n ọ́n. Wọ́n ri ẹ̀rọ mọ́ inú rẹ̀ tó ń sọ bí omi ṣe pọ̀ tó nínú ẹrẹ̀, wọ́n gbé rédà kalẹ̀ tó ń ṣọ́ ojú odi, àwọn ènìyàn sì ń rìn lórí rẹ̀ láti wo ibi tó bá sán. Ní ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ ayẹ̀wò kan tó ti Jámánì wá fọwọ́ sí ìwé pé ó dúró ṣinṣin. Lókè gbogbo èyí, sátẹ́láìtì ń kọjá lójú sánmà, ó ń ju ìgbì rédà sílẹ̀, ó sì ń kọ ohun tó bá padà sọ́dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí òkú ti sùn ni àwọn onímọ̀ lọ tú àkọsílẹ̀ sátẹ́láìtì wọ̀nyẹn wò. Àkọsílẹ̀ kan náà ni; kíkà rẹ̀ ló di méjì. Àwọn kan ní kò sí ìkìlọ̀ níbẹ̀. Àwọn kan ní ìkìlọ̀ wà níbẹ̀ gbangba. Òṣìṣẹ́ tó wà nídìí àwo oúnjẹ kò gbọ́ ti èyí, kò sì gbọ́ ti ìyẹn.

Àwọn kan nínú yín á ní, kí ló kan dírẹ́bà tàbí ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ nínú ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì? Ó kàn wá gidigidi. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé, àwọn tó ni ibi ìwakùsà, afárá, èbúté, ojú irin àti tánkì epo ń fi irú ìwọ̀n yìí ṣọ́ dúkìá wọn. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí mánéjà yóò tẹ́ máàpù aláwọ̀ mèremère sórí tábìlì níwájú aṣojú wa, tí yóò ní, "Ẹ wò ó, àwọ̀ ewé ni gbogbo rẹ̀, kò séwu." Aṣojú tí kò bá mọ ohun tó yẹ kó bi í yóò mi orí, yóò sì padà wá sọ fún wa pé kò séwu. Nítorí ọjọ́ yẹn ni a ṣe ń kọ èyí.

Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní èdè tó yé gbogbo wa. Sátẹ́láìtì tí ọ̀pọ̀ ń lò fún iṣẹ́ yìí ni Sentinel-1 ti àwọn ará Yúróòpù, èkíní nínú wọn gòkè ní ọdún 2014. Ó ń fò ní nǹkan bíi kìlómítà 700 lókè orí wa, ẹyọ kan a sì máa padà sójú ọ̀nà kan náà lẹ́yìn ọjọ́ 12. Kì í ya fọ́tò bíi kámẹ́rà. Ìgbì bíi ti rédíò ló ń jù sílẹ̀, èyí tó ń la ìkùukùu kọjá, tó sì ń ṣiṣẹ́ lóru bí ọ̀sán. Ìgbì náà á bá ilẹ̀, á ta padà. Gígùn ìgbì kan, láti orí dé orí, kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5.6 lọ.

Àṣírí rẹ̀ wà nínú gígùn yẹn. Sátẹ́láìtì kì í ka iye ìgbì tó wà láàárín òun àti ilẹ̀. Ibi tí ìgbì tó padà dé bá ara rẹ̀ nínú yíyípo nìkan ló ń kà: ṣé orí ni, ṣé ìsàlẹ̀ ni, ṣé àárín ni. Wọ́n á wá fi ti òní wé ti ọjọ́ 12 sẹ́yìn. Bí ilẹ̀ bá ti sún díẹ̀, ìgbì kò ní bá ara rẹ̀ níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn ni wọ́n ń sọ di mìlímítà. Bí wọ́n bá to ọ̀pọ̀ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ, ẹ̀rọ tó wà ní kìlómítà 700 á lè sọ pé ògiri kan ń fi mìlímítà mélòó kan lọ sílẹ̀ lọ́dún. Iṣẹ́ ńlá ni. A kò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú inú wo aago tó ní ọwọ́ gígùn nìkan, tí ọwọ́ kúkúrú rẹ̀ ti yọ. Ẹ wò ó, ọwọ́ náà wà lórí 12. Ẹ sùn lọ, ẹ jí, ó tún wà lórí 12. Wákàtí mélòó ló ti kọjá? Ó lè jẹ́ ọ̀kan, ó lè jẹ́ mẹ́ta, ó sì lè jẹ́ pé aago ti kú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ìgbì yìí. Nítorí pé ó ń lọ, ó sì ń bọ̀, bí ilẹ̀ bá fi sẹ̀ǹtímítà 2.8 péré jìnnà sí sátẹ́láìtì, ìgbì á ti yípo kan gbáko, á sì dà bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní láti fojú bu iye yíyípo tó ti kọjá, nípa wíwo àdúgbò tó yí ibẹ̀ ká. Bí ilẹ̀ bá ń sún jẹ́jẹ́, ìfojúbù náà á bọ́ sí i. Bí ibì kan bá ń sáré ju àdúgbò rẹ̀ lọ, tó fi ju bíi sẹ̀ǹtímítà 1.4 yàtọ̀ láàárín àwòrán méjì, ìfojúbù lè ṣì, ìwọ̀n tí wọ́n á sì kọ sílẹ̀ lè kéré ju òótọ́ lọ. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ń sáré jù ni ìwé lè fi hàn pé kò sáré.

Ẹ̀yin dírẹ́bà ni èyí tó kàn á tètè yé. Sátẹ́láìtì kì í wo ilẹ̀ láti òkè tààrà. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń wò ó, bí ẹni tó ń wo ọkọ̀ ẹ̀yìn nínú dígí ẹ̀gbẹ́. Ohun tó bá ń sún mọ́ ọn tàbí tó bá ń jìnnà sí i nìkan ló ń rí. Nítorí pé láti òpin ayé kan dé òpin ayé kejì, láàárín àríwá àti gúúsù, ló ń fò, ilẹ̀ tó bá ń yọ́ gba àríwá tàbí gúúsù lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn sí i rárá. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé "mìlímítà 10", ẹ bi wọ́n pé mìlímítà 10 síbo. Bí wọ́n bá lo àwòrán ìgbà tó ń gòkè lọ àti ti ìgbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, wọ́n lè ya lílọ sílẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára yíyọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lò, àbá ni wọ́n ń dá.

Ṣé ẹ ti jókòó nínú bọ́ọ̀sì rí ní gáréèjì, tí bọ́ọ̀sì ẹ̀gbẹ́ yín bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, tí ẹ sì rò pé tiyín ló ń fà sẹ́yìn? Gbogbo ìwọ̀n sátẹ́láìtì ló rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á mú ibì kan, wọ́n á ní ibí yìí kò sún, wọ́n á sì fi gbogbo ibi yòókù wé e. Bí ibẹ̀ gan-an bá ń rì, ohun tó ń rì pẹ̀lú rẹ̀ á dà bí ohun tó dúró, ohun tó dúró á sì dà bí ohun tó ń gòkè. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí aṣojú òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ bi ẹni tó gbé máàpù wá nìyí: "Ọ̀gá, ibo lẹ fi ṣe ibi tí kò sún, báwo lẹ sì ṣe mọ̀ pé kò sún?" Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè àjà, ẹ mọ̀ pé ẹ ti bi í re.

Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ náà ń dá ìgbì dúró díẹ̀ lọ́nà. Lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá ṣú, ilẹ̀ tí kò kúrò lójú kan lè dà bí ẹni pé ó fi sẹ̀ǹtímítà mélòó kan sún. Ìdí nìyẹn tí àwòrán méjì péré kì í fi í ṣe ẹ̀rí. Òrùlé páànù, irin, òkúta àti kọnkéré máa ń dá ìgbì padà dáadáa. Koríko, igbó, omi àti ilẹ̀ tí katapílà ṣẹ̀ṣẹ̀ hú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọn kò bá ti rí ìgbì tó ṣe é gbára lé, wọ́n á fi í sílẹ̀ ní òfìfo lórí máàpù. Òfìfo yẹn ni àwọn ọ̀gá máa ń kà sí "kò sí nǹkan". Kò sí nǹkan kọ́ ni o, a kò rí nǹkan ni. Ọ̀tọ̀ ni kí ọlọ́dẹ sọ pé olè kò wá, ọ̀tọ̀ ni kó sọ pé òun sùn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Brumadinho. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2019, àwọn amòye 4 tí àwọn agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ Vale gbà síṣẹ́ gbé ìwé wọn jáde. Wọ́n ní ẹrẹ̀ inú dáàmù náà sọ agbára rẹ̀ nù lójijì, ó sì ṣàn bí omi. Pé fífà díẹ̀díẹ̀ inú ẹrẹ̀ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú òjò ńlá tó ti ń wọlé sí i lára, ló fà á. Ní ti sátẹ́láìtì, wọ́n rí i pé ní ọdún tó ṣáájú wíwó rẹ̀, ojú odi náà ń lọ sílẹ̀ ní ìwọ̀n tí kò tó mìlímítà 36 lọ́dún, pé ó sì ń yára díẹ̀ sí i nígbà òjò. Wọ́n ka èyí sí bí dáàmù tó ti pẹ́ ṣe máa ń jókòó jẹ́jẹ́. Wọ́n ní ìyẹn nìkan kì í ṣe àmì pé ó fẹ́ wó.

Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ kan ní yunifásítì Nottingham ní Ìlú Ọba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ọ̀nà mìíràn ka àkọsílẹ̀ sátẹ́láìtì. Ọ̀nà tiwọn kì í da àwọn ibi tí ìgbì wọn ń ṣe ségesège nù; ìgbà tí ibẹ̀ bá sọ̀rọ̀ ketekete, wọ́n á gbọ́ ọ, ìgbà tí kò bá sọ ọ́ ketekete, wọ́n á fo ìgbà yẹn. Wọ́n ní àwọn apá kan nínú odi àti ẹrẹ̀ ń sún lọ́nà tí kò bá jíjókòó lásán mu, àti pé ẹni tó bá ń ṣọ́ ọ nígbà náà ì bá ti rí i tẹ́lẹ̀ pé ó ń bọ̀ wá wó, pẹ̀lú ìgbà tí yóò wó.

Níbo ni àwa dúró sí? A kò gbé ọ̀kankan mì lódindi. Owó àwọn agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ ni àwọn mẹ́rin ti ìṣáájú gbà. Lọ́wọ́ kejì, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ti ẹ̀yìn jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tó ń fi irú ìwọ̀n yìí ṣòwò. Oníkálukú ló ní ibi tó ti ń jẹun. Yàtọ̀ sí èyí, ó rọrùn láti mọ ọjọ́ tí nǹkan yóò wó lẹ́yìn tó ti wó. Gbogbo wa la mọ ọkùnrin tó ń mọ nọ́ńbà tẹ́tẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ti kéde rẹ̀. Bí ẹ bá fi ìlà fífà kan náà sí iwájú ẹni tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, a kò mọ̀ bóyá yóò fọwọ́ sọ̀yà.

Síbẹ̀, ohun kan wà nínú ìwé àwọn amòye mẹ́rin náà fúnra wọn tó yẹ kó dùn wá dé egungun. Wọ́n ní ẹrẹ̀ inú dáàmù yẹn gan, pé irin inú rẹ̀ ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bíi sìmẹ́ńtì. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin amọ̀kòkò, ẹ mọ èyí ju onímọ̀ lọ: ìkòkò amọ̀ kì í tẹ̀ kó tó fọ́. Ẹ̀ka igi tútù ló ń tẹ̀ kó tó ṣẹ́. Nítorí náà mìlímítà 36 lọ́dún lórí ilẹ̀ rírọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dà lè má tó ohun tí à ń sọ. Ọ̀pọ̀ ọgbà ilé-iṣẹ́ ló ti lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ tí ohunkóhun kò ṣe é. Ìwọ̀n kan náà lórí ohun tó gan bí ìkòkò lè jẹ́ gbogbo ìkìlọ̀ tí ẹnikẹ́ni máa rí gbà. Nọ́ńbà kò yí padà. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹni tó bá gbé nọ́ńbà wá fún yín láìsọ ohun tó wà nínú ilẹ̀, kò tíì gbé nǹkan kan wá.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ "lọ́dún" yẹn. Dírẹ́bà tó bá ní òun sá kìlómítà 60 ní wákàtí láti Èkó dé Ìbàdàn kò tíì sọ iye tó ń sá ní kọ́nà tí ọkọ̀ ti dojú dé. Àròpín ni. Ilẹ̀ tó dúró fún oṣù mẹ́wàá, tó wá fi mìlímítà 30 sáré ní oṣù méjì, àti ilẹ̀ tó fi mìlímítà 30 rọra lọ ní gbogbo ọdún, ọ̀kan náà ni wọ́n á jẹ́ nínú ìwé tó bá sọ iye ti ọdún nìkan. Ìlà tó ń fi ọjọ́ kọ̀ọ̀kan hàn ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe àwọ̀ orí máàpù.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wá léèrè, àwọn onímọ̀ ń jà lórí ohun tí kì í ṣe tiwa. Wọ́n ń jà lórí bóyá wọn ì bá ti mọ ọjọ́ tí yóò wó. Kò di ìgbà tí èèyàn bá mọ ọjọ́ kó tó gbé káńtíìnì kúrò lábẹ́ dáàmù. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2019, lẹ́yìn ìgbà tí ọ̀pọ̀ òkú ṣì wà nínú ẹrẹ̀, ni àwọn aláṣẹ ìwakùsà ní Bùràsíìlì ṣẹ̀ṣẹ̀ pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ilé oúnjẹ tàbí irú ilé bẹ́ẹ̀ sí ìsàlẹ̀ dáàmù níbi tí kò ti sí àyè àti sá. Ní ọdún 2020 ni òfin orílẹ̀-èdè náà wá fòfin de irú dáàmù odi lórí ẹrẹ̀ yìí. Dáàmù Fundão ní Mariana, ní ìpínlẹ̀ Minas Gerais kan náà, ti wó ní ọdún 2015, ó sì pa ènìyàn 19. Ọdún mẹ́ta lé díẹ̀ ni wọ́n fi gbé káńtíìnì yẹn síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti rí ti Mariana.

Ẹ̀yin ti ọkọ̀, ẹ má rò pé ti awakùsà nìkan ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ògún ọdún 2018, nínú òjò, afárá Morandi ní ìlú Genoa ní Ítálì já lulẹ̀. Ọdún 1967 ni wọ́n ṣí i. Ènìyàn 43 ló kú, àwọn onílọ́rì àti onímọ́tò tó wà lórí rẹ̀, àti òṣìṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀. Dírẹ́bà lọ́rì kan tẹ bíréèkì ní ìwọ̀n mítà díẹ̀ sí etí ibi tó já; ó fẹsẹ̀ fẹ, ó fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ kan, tí ti NASA wà nínú wọn, kọ̀wé pé sátẹ́láìtì ti rí i tí afárá náà ń sún nítòsí òpó tó wó, pé ó sì pọ̀ sí i láti oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2017. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ mìíràn láti Ítálì tún àkọsílẹ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n ní àwọn kò rí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

Ní ti èyí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ní kò dájú ni ọkàn wa tẹ̀ sí. Afárá kì í dúró jẹ́ẹ́. Oòrùn ń nà án, òtútù ń sún un kì, ọkọ̀ ń mì í. Àwọn ibi tó ń dá ìgbì padà lórí rẹ̀ kò pọ̀. Àwọn amòye tí ilé ẹjọ́ yàn rí i lẹ́yìn náà pé okùn irin inú kọnkéré afárá náà ti dípẹtà. Sátẹ́láìtì kì í rí inú kọnkéré. A sọ èyí kí ẹnikẹ́ni nínú wa má baà rò pé ìwọ̀n láti òkè yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń gun òpó pẹ̀lú òòlù àti tọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n bá fẹ́ fi máàpù sátẹ́láìtì dín àwọn ayẹ̀wò-afárá kù, kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ má gbà.

Sátẹ́láìtì kan náà ń gba orí ilé wa níhìn-ín kọjá, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n kà. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Leonard Ohenhen àti Manoochehr Shirzaei, fi í wo ilẹ̀ Èkó, wọ́n sì kọ̀wé lórí bí ilẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀ àti ewu tó ti ibẹ̀ wá fún àwọn ilé. Ohun tó yẹ kí òṣìṣẹ́ mú níbẹ̀ ni pé bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé bá jọ lọ sílẹ̀ ní ọgbọọgba, ilé kò ní sán. Ìgbà tí igun kan bá lọ ju èkejì lọ ni wàhálà dé. Ẹ̀yin mẹ́káníìkì mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kan bá fi bíńtín lọ sílẹ̀ ju ẹsẹ̀ kejì, bẹ́árìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, á sì máa jẹ. Nítorí náà, kì í ṣe "ẹsẹ̀ mélòó ló lọ sílẹ̀" nìkan la ó máa béèrè, bí kò ṣe "èwo ló lọ ju èwo".

Èmi tí mo ń kọ èyí ti ṣiṣẹ́ rí ní sítọ́ọ̀ ńlá kan tí ògiri rẹ̀ sán láti òkè dé ilẹ̀. N kò ní dárúkọ ibẹ̀. Bàbá ọlọ́dẹ wa, tí kò kàwé, fi sìmẹ́ńtì lẹ dígí tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ojú sísán náà, ó ní kí n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ sí i. Kò pé oṣù méjì tí dígí náà fi já. A lọ sọ fún ọ̀gá. Ọ̀gá yọ ìwé jáde, ó ní àwọn tó wá wo ilé náà lọ́dún tó kọjá ti fọwọ́ sí i pé kò séwu. Bàbá ní, "Ọ̀gá, ìwé yẹn kì í sùn níbí. Èmi ni mò ń sùn níbí." Àwa márùn-ún kọ̀ láti to ẹrù sábẹ́ ògiri náà, wọ́n gé owó ọjọ́ kan nínú owó oṣù wa. Ògiri náà wó ní òru ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù òjò, kò sì bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Owó ọjọ́ kan yẹn, wọn kò dá a padà fún wa títí di òní.

Nítorí náà ni èrò ẹ̀ka wa ṣe rí báyìí. Àdéhùn kẹ 155 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1981, tí Nàìjíríà sì fọwọ́ sí ní ọdún 1994, sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá kúrò níbi iṣẹ́ nítorí pé ó ní ìdí tó mọ́gbọ́n wá láti gbà pé ewu ńlá wà nítòsí, wọn kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹ́. Ìdí tó mọ́gbọ́n wá ni àdéhùn sọ. Kò sọ ẹ̀rí tí gbogbo onímọ̀ fẹnu kò lé lórí. Bí ìwọ̀n ilẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, ìbáà ṣe ti sátẹ́láìtì tàbí ti dígí tẹ́ẹ́rẹ́, ti òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ náà ni pẹ̀lú. Kí wọ́n kó o wá síwájú ìgbìmọ̀ ààbò lódindi, pẹ̀lú àwọn ibi tó ṣófo àti bí àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe lè pọ̀ tó, kì í ṣe ojú ewé kan tí wọ́n ti kùn. Bí kíkà rẹ̀ bá sì di méjì, tí onímọ̀ kan ní ewu wà, tí èkejì ní kò sí, kí wọ́n kọ́kọ́ kó ènìyàn kúrò lábẹ́ rẹ̀, kí àríyànjiyàn wá máa lọ. Àwọn ọ̀gá á ní iṣẹ́ á dúró, owó á ṣòfò. Lóòótọ́ ni, nígbà mìíràn á jẹ́ pé lásán la sá. A ti gbọ́ ìyẹn. Kí wọ́n kọ iye owó ọjọ́ kan tí iṣẹ́ dúró sílẹ̀, kí wọ́n kọ 270 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ààbò yóò gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́bàá dáàmù, etí odò, kòtò ńlá tàbí abẹ́ afárá, tàbí tó rí ibi tó sán lára ògiri tàbí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, kọ ibi tó wà, bó ṣe fẹ̀ tó, àti ọjọ́ tó rí i, kó sì fún akọ̀wé. Àwọn tí kò mọ̀wé kọ lè sọ ọ́ fún aṣojú ìṣọ́ wọn. Ẹni tó bá ní àfọ́kù dígí tẹ́ẹ́rẹ́ nílé, kó mú un dání. Ìyókù sìmẹ́ńtì tí a fi tún ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ṣe ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.